Ohun Tó Ń Pa Ẹja inú Àpótí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹja àkọ́kọ́ tó kú nílé wa ní àdúgbò Boukoki ní Niamey, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo jí láti kírun àsùbáà, mo ń gba pálọ̀ kọjá, mo sì rí i tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú omi, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù ti gbé ẹnu wọn wá sókè, wọ́n ń là á, wọ́n ń pa á dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n. Mo da oúnjẹ díẹ̀ sí i, kò sí èyí tó bojú wò ó nínú wọn. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, àwọn mìíràn ti kú lé e.

Èmi kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ tí í lọ jókòó. Bí ìkòkò bá fọ́ nílé, àfi kí n mọ ọwọ́ tó gbé e kẹ́yìn. Màmá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá fi mí jókòó sórí ẹní, ẹní náà á gbóná, wọn ò sì parọ́ mọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti lọ mo ti bọ̀ láàárín pálọ̀ àti àgbàlá títí Màmá fi ní kí n jọ̀ọ́ kí n má fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ilé àwọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni àpótí ẹja náà. Aṣọ ló ń tà ní ọjà ńlá, èmi náà sì ń bá a tà á, gẹ́gẹ́ bí bàbá wa tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Niamey ti ń tà á kí ó tó kú. Òyìnbó oníbàárà wa kan tó ń gbé ní àdúgbò Plateau níbẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ parí tó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀. Ó ní òun ò lè gbé ẹja wọ bàálù, ẹ̀gbọ́n mi sì ní kí ó gbé e fún òun. Àpótí dígí ńlá ni, òkúta wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, tó ń hó tọ̀sán tòru. Ẹja pupa ńlá kan wà níbẹ̀ tó dà bí ọba àwọn tó kù, àwọn oníla dúdú wà, àwọn wẹ́wẹ́ tí ara wọn ń tàn náà wà. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í rẹ́rìn-ín fún oníbàárà, bí ó bá ti délé, á fa àga síwájú dígí, á sì máa rẹ́rìn-ín sí ẹja. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹja bá mọ aṣọ rà, à bá ti lówó.

Ìgbà òṣèlú ẹlẹ́gbẹ́ púpọ̀ la wà nígbà náà. Ẹgbẹ́ pọ̀ débi pé bí mo bá na aṣọ aláwọ̀ ewé jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan á bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni mò ń ṣe. Lónìí, ọkọ̀ tó gbé agbóhùnsókè lérí á gba àdúgbò kọjá. Lọ́la, àwọn olùkọ́ á daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́tùn-únla, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dáná sun táyà lójú títì, a ó sì sáré ti ṣọ́ọ̀bù. Iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀ bó ṣe wù ú. Ìlú ò fara balẹ̀, inú ilé tiwa náà ò sì fara balẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó.

Ọmọ ẹ̀yà Zarma ni ìyàwó náà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Sorko, àwọn apẹja etí odò, tí gbogbo Niamey gbà pé àwọn ni wọ́n ni odò. Bí omi bá gbé ènìyàn lọ, àwọn ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ọmọbìnrin tútù ni, kò gbọ́ ju Yorùbá díẹ̀ lọ, èdè Hausa la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Màmá mi ti ní ọmọ ẹnì kan lọ́kàn fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ tó gbọ́ èdè wa, tó mọ ìkíni ilé wa. Wọn ò sọ̀rọ̀ níbi ìgbéyàwó. Wọ́n jókòó, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ìyàwó yìí kò tíì lo oṣù kan nínú ilé tí ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Màmá wí nígbà tí mo gbé òkú ẹja hàn wọ́n. "Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Màmá, ẹja ni. Ẹja máa ń kú."

"Oṣù mélòó ni wọ́n ti wà níbẹ̀ tí ọ̀kan ò kú?"

Ìbéèrè náà dùn mí nítorí pé ó mọ́gbọ́n dání. Òótọ́ ni pé ẹja kankan ò kú kí ìyàwó tó dé. Mo wá fi ara mi ṣe ẹlẹ́rìí ẹja. Mo ní màá wá ohun tó ń pa wọ́n rí, bí ó bá jẹ́ inú òkúta ló sá sí.

Omi ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ mú bí ọ̀daràn. Mo mọ̀ pé wọ́n ń da oògùn apakòkòrò sí i, òórùn rẹ̀ tilẹ̀ máa ń bá wa dé inú ago. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi sínú bàsíà, mo ń gbé e kalẹ̀ nínú oòrùn di ọjọ́ kejì kí òórùn náà lè lọ kí n tó bù ú sí àpótí. Ẹja gbádùn fún ọjọ́ díẹ̀, inú mi dùn, mo sì ń yan káàkiri ilé bí ẹni tó borí nínú ìbò. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn tún kú. Mo wá mú ooru. Àkókò ooru Niamey ni, tí ògiri ń gbóná débi tí ènìyàn ò lè fẹ̀yìn tì í. Mo ń fi aṣọ tútù bo dígí, mo ń ra yìnyín inú ọ̀rá, mo ń gbé e lé ojú omi. Wọ́n tún kú. Mo mú iná tó ń lọ, nítorí ẹ̀rọ atẹ́gùn máa ń dákẹ́ bí iná bá lọ, ṣùgbọ́n iná ò lọ rárá ní ọjọ́ tí wọ́n kú. Mo mú oògùn ẹ̀fọn, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fín in mọ́, ẹ̀fọn sì fi gbogbo wa jẹun. Mo mú àwọn ọmọ ayálégbé wa, mo ní wọ́n ń ju búrẹ́dì sínú omi. Mo pariwo lé wọn lórí títí ìyá wọn fi jáde wá bi mí bóyá ẹja ti di ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ òun.

Láàárín gbogbo rẹ̀, ìyàwó wa á wá dúró tì mí. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹja tó gbẹ́nu sókè wọ̀nyẹn pẹ́, ó sì ní, "Hari no."

Mo mọ̀ pé omi ni àwọn Zarma ń pè ní hari. Mo ní, "Omi kẹ̀? Báwo?"

Ó sọ ọ́ fún mi ní Hausa pé bí ẹja bá gòkè wá mu atẹ́gùn, omi ló lé e jáde. Ó ní ẹja kì í fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lásán. Ó ní bàbá òun máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí odò bá fà tí adágún bá kù sẹ́yìn.

Màmá wà lórí ẹní ìkírun wọn, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbọ́ Hausa ju gbogbo wa lọ.

"Ṣé o gbọ́?" ni wọ́n wí fún mi ní Yorùbá. "Ta ló sọ fún un pé omi ni? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà."

Inú bí mi. Bí ọmọ náà bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń fi nǹkan pamọ́. Ó sọ̀rọ̀, wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n nítorí òun ló ṣe é. Mo sọ ọ́ fún Màmá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n yí ojú wọn sí mi, mo sì rí i pé kì í ṣe ìkà ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀.

"Ẹja wọ̀nyẹn ń kú dípò ẹ̀gbọ́n rẹ ni," ni wọ́n wí. "Nǹkan ń bọ̀ wá bá a, ẹja ń gbà á sára. Bí ẹja bá tán, ta ló kù?"

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹja ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹja. Màmá ní kí ẹ̀gbọ́n mi dá ìyàwó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ létí odò, kí ó lọ sinmi títí ilé yóò fi tutù. Gbogbo wa la mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá gbé ẹrù rẹ̀ lọ sinmi, ọkọ ni yóò kọ́kọ́ lọ kí i lọ́sẹ̀ méjì méjì, yóò di oṣù méjì méjì, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ẹnì kan ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀, ó kọ̀, ṣùgbọ́n Màmá ò jẹun mọ́ dáadáa, ọmọ tó sì rí ìyá rẹ̀ tí kò jẹun kì í pẹ́ tó fi ń rọ̀. Níkẹyìn, ó ní bí ẹja bá tún kú, òun á mú un lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ìyàwó kàn lọ sẹ́yìn ilé lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo wọ takisí lọ sí Talladjé lọ́jọ́ kejì. Oníbàárà wa kan ń gbé níbẹ̀, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹran, ewéko àti ẹja. Àwọn olùkọ́ tún ti daṣẹ́ sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé màá bá a nílé. Ọ̀nà náà jìn, takisí ń dúró, ó ń gbé èrò, ó ń já èrò, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ ìjókòó bí ẹni pé èmi ni mò ń wa ọkọ̀. Mo bá a lábẹ́ igi tó ń gbọ́ rédíò. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìjókòó.

Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Màdáàmù, ṣé láàárọ̀ ni wọ́n ń kú jù?"

"Láàárọ̀ ni."

"Ṣé gbogbo wọn ló ń gòkè pa pọ̀, àgbà àti kékeré?"

"Gbogbo wọn."

"Kì í ṣe àìsàn nìyẹn. Àìsàn máa ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn inú omi ló ń tán. Nǹkan kan ń wọ inú omi yín tó ń jẹrà níbẹ̀. Bí ohun tó dùn bíi ṣúgà tàbí ohun tó lè jẹrà bá bọ́ sínú omi nínú ooru yìí, kòkòrò tí ojú ò lè rí á bò ó, àwọn náà á sì máa mí. Wọ́n á mí títí kò fi ní ku nǹkan kan fún ẹja. Ẹ yé wá ohun tó ń pa ẹja. Ẹ wá ohun tó ń wọ inú omi."

Mo dé ilé, mo tú àpótí náà. Mo kó òkúta, mo fọ̀ wọ́n, mi ò rí búrẹ́dì, mi ò rí ẹran, mi ò rí òkú ẹja tó há sí ibì kan. Mo wá tẹ orí ba omi, mo gbóòórùn rẹ̀. Lábẹ́ òórùn ẹja, nǹkan kan ń ta sánsán. Lọ́fínńdà ni. Àwọn obìnrin Zarma fẹ́ràn túràrí, kò sí ìyàwó wọn kan tí kò ní ìkòkò túràrí ní yàrá. Mo lọ bá ìyàwó wa, mo ní kí ó jẹ́ kí n gbóòórùn tirẹ̀. Ó gbé ìkòkò náà wá, ó ṣí i, ó sì ń wo ojú mi. Òórùn igi àti èéfín ni. Kì í ṣe èyí tó wà nínú omi. Mo mọ ibi tí mo ti gbóòórùn ti inú omi rí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ọkàn mi dé ibẹ̀. Mo ní ó rẹ̀ mí, mo sì lọ sùn. Mi ò sùn.

Ọjọ́ Alárùba tó tẹ̀ lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún gba títì, àwọn ọlọ́jà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi dúró láti palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ní kí n máa lọ sílé. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kété lẹ́yìn àlàásárì, àkókò tí kò sẹ́ni tó máa ń wà ní pálọ̀. Màmá mi wà níwájú àpótí ẹja. Wọ́n kúnlẹ̀. Ìgò kan wà lọ́wọ́ wọn, ẹnu wọn ń jẹ àdúrà, wọ́n sì ń da omi dúdú díẹ̀díẹ̀ sáàárín àwọn ẹja.

Hàntú ni. Ẹni tó bá dàgbà nílé Mùsùlùmí Yorùbá ò nílò kí wọ́n sọ ohun tí í ṣe fún un. Ilé kéwú kan wà lẹ́yìn ilé wa, ti àlùfáà ará Ìlọrin kan tó jẹ́ ìbátan Màmá. Ní ọjọ́ Alárùba, kí àwọn ọmọ kéwú tó lọ sinmi, wọ́n máa ń fọ wàláà, pákó tí wọ́n kọ Kùránì sí. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú tàdáwà, ìyẹn yíǹkì tí wọ́n fi kọ ọ́, tó ti yọ́ sínú rẹ̀, ni àwọn ènìyàn ń gbà lọ mu, tí wọ́n ń fi pa ara. Màmá tiwa kì í lò ó lásán. Wọ́n máa ń da oyin sí i kí ọ̀rọ̀ náà lè dùn, wọ́n á wá kán lọ́fínńdà tí wọ́n mú bọ̀ láti Mẹ́kà sí i, nítorí pé àwọn mọ̀láíkà fẹ́ràn òórùn dídùn.

Oyin. Mo dúró lójú kan fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

"Màmá, ìgbà wo lẹ ti ń da ìyẹn síbẹ̀?"

Wọn ò fò. Wọ́n dé ìgò wọn. "Láti ìgbà tí àlejò ti wọlé," ni wọ́n wí. "Ìwọ náà rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá wo ẹja yìí, tí wọ́n ń lanu. Mo ní kí àlùfáà kọ èyí tó ń lé ibi padà sórí ẹni tó ni ín. Bí ẹja bá ń kú, mo ń fi kún un."

Mo rántí pé nígbà tí àwọn ọmọ kéwú lọ sinmi Iléyá, tí ẹnikẹ́ni ò fọ wàláà, ẹja kankan ò kú. Gbogbo rẹ̀ tò jọ lójú mi. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ìbínú ló yára jù. Mo sọ fún wọn pé àwọn ni wọ́n ń pa ẹja. Mo sọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ Talladjé fún wọn, mo sọ ọ́ sókè, mo ń ju ọwọ́. Mo ní ẹja ò kú ṣáájú ìyàwó nítorí pé kí ìyàwó tó dé, wọn ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Màmá dìde. Wọ́n gbé ojú wọn sí mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Ṣé wàá lọ sọ níta pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run pa ẹja?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Oyin ni, Màmá. Oyin àti lọ́fínńdà."

"Inú omi kan náà ni wọ́n wà," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ.

Mo kó àwọn ẹja sínú bàsíà omi mìíràn, omi ń ta sílẹ̀. Ẹja pupa ńlá náà yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú un. Àwọn kékeré yè é. Ẹja pupa ò yè é. Láàárọ̀ Alámìísì, ó ti léfòó. Ẹ̀gbọ́n mi jí, ó wò ó, ó lọ sí yàrá, mo sì gbọ́ tí ó ní kí ìyàwó rẹ̀ palẹ̀ mọ́.

Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí títí mo fi parí, ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé Màmá lo ní wọ́n pa ẹja mi?" Mo ní ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ó lọ bi wọ́n. Màmá jókòó, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà, wọ́n ní, "Bi àbúrò rẹ bóyá omi Kùránì ti ń pa ẹ̀dá báyìí." Ẹ̀gbọ́n mi padà jáde, ó ní kò sẹ́ni tó máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé bàbá òun, àti pé kí n lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ ohun tó pa ẹja. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi, kò sì wúlò fún nǹkan kan. Ó dùn mí débi pé mo ta aṣọ fún oníbàárà lọ́jọ́ náà láìná an. Nígbà tí mo délé, mo lọ bá ìyàwó ní yàrá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, hàntú, oyin, ọ̀rọ̀ tí Màmá ní kí àlùfáà kọ síbẹ̀ àti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo rò pé ó yẹ kí ó mọ ohun tó ń lé e lọ. Ó gbọ́ ọ, ó ní, "Fofo," bí àwọn Zarma ṣe ń dúpẹ́, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹ̀gbọ́n mi lọ pe takisí. Àpótí aṣọ ìyàwó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó wọlé wá dágbére fún Màmá, èmi náà sì wà níbẹ̀ tí mò ń rìn láti ibi ògiri dé ibi ògiri. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, bí a ṣe kọ́ ọ.

"Ìyá, mo wá kí yín."

"Kí Ọlọ́run sìn ọ́," ni Màmá wí.

Kò dìde. Ó nawọ́ sí ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìkírun. "Ìyá, omi yìí, fún ilé ni?"

Màmá wò mí, wọ́n wo ìgò. "Fún ilé ni."

"Èmi náà gbé nínú ilé. Ẹ fún mi mu."

Mo dúró. Màmá mọ ohun tó wà nínú omi náà, ìyàwó sì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ òun ni ibi tó wọlé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó dìde. Màmá ò lè sọ pé àwọn ò fún un, nítorí pé a kì í fi hàntú du ẹni tó bá béèrè rẹ̀. Wọ́n mú ago. Wọ́n da omi inú ìgò sí i, ó sì ń kán sórí ẹní. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní bìsìmílááì, ó mu ún tán pátápátá, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Oyin yín pọ̀, Ìyá," ni ó wí. "Ó dùn."

Màmá mi fi ìborùn bo ojú. Èjìká wọn ń mì. Mo fẹ́ lọ dì wọ́n mú, ṣùgbọ́n ìyàwó ló sún mọ́ wọn, ó gba ìgò lọ́wọ́ wọn kí ó má bàa já bọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi bá wa nígbà tó wọlé pé takisí ti dé.

"Èmi ni mo pa ẹja rẹ," ni Màmá wí fún un.

Ó yíjú sí mi.

"Má wo àbúrò rẹ. Èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ ni mo gba omi yẹn sí, ẹja ló ń bá mi mu ún. Òun náà ti wá mu ún báyìí lójú mi, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò parọ́. Èmi ni mo ṣi ẹni mú."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé àpótí aṣọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Takisí fọn fèrè níta, ó tún fọn ọ́n. Nígbà tí kò sẹ́ni tó dìde nínú àwa ọmọ ilé, ìyàwó ló dìde, ó jáde lọ bá onítakisí, ó sì sọ fún un ní èdè Zarma pé kí ó máa lọ, kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kan.